Màmá Mi Ń Wọn Omi ní Du

Newcastle, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, 1985

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le, ṣé orúnkún kò dà yín láàmú mọ́ látìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ kò dúró níwájú pátákó láti àárọ̀ di ọ̀sán mọ́?

Màmá, mo ti parí! Lọ́jọ́ Friday ni wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri, orúkọ Abísọ́lá Oyèdélé ló ṣe ìkẹta láti òkè. Oyè másítà iṣẹ́ ẹnjiníà omi ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo kígbe ayọ̀ ní Hausa láìmọ̀, "Yawwa!", gbogbo àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ yíjú wò mí.

Ṣùgbọ́n n kò tíì fẹ́ wálé. Ẹ má bínú, ẹ kà á tán ná. Mo fẹ́ gba oyè dókítà. Bí ẹni ń wá iṣẹ́ ni wọ́n ṣe ń wá a níbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá ní ìwádìí lọ́wọ́ á kéde pé òun ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ìwé ìròyìn àwọn ẹnjiníà. Ẹni tó bá wù á kọ̀wé, wọ́n á pè é, wọ́n á bi í ní ìbéèrè. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọn á máa sanwó oṣù fún un fún odidi ọdún mẹ́ta. Ibi méje ni mo ti kọ̀wé sí. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀ ni mo ti ń sáré lọ wo àpótí lẹ́tà.

Ní báyìí, mo ń bá wọn ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ omi wò, ìyẹn ló ń bọ́ mi. Ìwé ìgbélùú mi á parí ní ìparí oṣù kẹfà. Bí n kò bá rí ibì kankan títí di ìgbà náà, ẹ ó kàn rí mi lẹ́nu ọ̀nà ní Rantya ni. Ẹ gbàdúrà fún mi, Màmá. Inú mi ń dùn débi pé n kò lè sùn.

Ọmọ yín,
Abísọ́lá


Rantya, Jọ́ọ̀sì
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá, 1985

Abísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú oríire, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà pósí-ọ́fíìsì ni mo ti já lẹ́tà rẹ, mo sì jókòó sórí àtẹ̀gùn tún un kà. Ká ní bàbá rẹ ṣì wà láyé, gbogbo ará Adó tó wà ní ìlú yìí ni ì bá ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àmọ́ o kó mi sí wàhálà. Lọ́jọ́ ìsinmi, mo dìde láàárín ìjọ, mo ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́, Abísọ́lá fẹ́ di dókítà. Kí n tó délé, ìyá Olúkọ́lá ti jókòó dè mí, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó ní kí n bi ọ́ léèrè oògùn tí àwọn òyìnbó ń lò. Nígbà tó di Tuesday, èèyàn méjì mìíràn tún dé. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i ni mo rí i pé dókítà omi ni. Ṣé omi náà ń ṣàìsàn ni? Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà jáde báyìí nítorí ìyá Olúkọ́lá.

Ọ̀rọ̀ kejì kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùkọ́ ní Plateau, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé èmi àti bàbá rẹ wá láti Èkìtì. N kò rí ibi tí wọ́n ti ń sanwó oṣù fún akẹ́kọ̀ọ́ rí. Ta ni ọ̀jọ̀gbọ́n yìí? Kí ló ń wá lára ọmọ ọlọ́mọ? La ojú rẹ o.

Iṣẹ́ sì ń bẹ nílé. Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró, tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ omi ìjọba, wá kí mi. Ó ní, "Màmá, ẹnjiníà omi tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì, tó gbọ́ Hausa bí ẹní mumi, níbo la ti fẹ́ rí irú ẹ̀? Ẹ ní kó máa bọ̀." Ó ní òun á di àyè náà mú títí di ìparí oṣù kẹta, òun kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́ta ti pé tí o ti kúrò níbí, Àbẹ̀kẹ́. Ilé yìí dákẹ́ jù. Tètè fèsì.

Ìyá rẹ,
Rhoda Oyèdélé


Newcastle
Ọjọ́ kìíní, oṣù kejìlá, 1985

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àdúrò-tì. Ẹ bá mi bẹ ìyá Olúkọ́lá kó má bínú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rín náà ṣe mí láǹfààní, torí ibi márùn-ún ti kọ̀ mí. Ọ̀kan tilẹ̀ kọ "Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé" sí mi. Ṣùgbọ́n ibì kan pè mí! Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bristol lọ́jọ́ Wednesday. Bàbá àgbà kan ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà, súwẹ́tà rẹ̀ ti ya ní ìgúnpá. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa ìwé ẹ̀rí. Ó ní, "Kí lo fẹ́ mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀?"

Màmá, gbogbo ohun tí mo ti kọ́ sórí fò lọ. Du tó wà lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì wa ló jáde lẹ́nu mi. Mo sọ fún un nípa àwọn ihò ńláńlá tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀, tí òjò kún, tí wọ́n di adágún. Mo sọ bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń fa omi wọn sí pòtétò àti kábéèjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọjà Farin Gada fi ń kún nígbà tí ilẹ̀ ibòmíràn ti gbẹ.

Ó sún síwájú lórí àga. "Báwo ni omi náà ṣe jìn tó? Mélòó ló ń fà lọ́sẹ̀ kan? Ta ló ti wọ̀n ọ́n?" Mo ní n kò mọ ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ó fọwọ́ lu tábìlì, ó ní, "Ìyẹn gan-an ni ìwádìí!"

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin ni ìgbìmọ̀ wọn á jókòó. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n máa mú, ẹlòmíràn sì wà tó ti ní òǹkà tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Bí o bá mú òǹkà ẹ̀ẹ̀rùn yìí wá fún mi, màá rí ohun tí màá fi jà fún ọ."

Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá mi wá ẹnìkan tó ṣeé fọkàn tán ní Du. Kó gún igi gígùn kan mọ́ inú adágún, kó fi ọ̀dà sàmì ínṣì sí i láti ìsàlẹ̀ dókè. Kó máa kà á lọ́jọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kó kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, kì í ṣe ohun tó rò pé ó yẹ kí òun rí.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró. Ẹ má tíì fún un lésì o.

Ọmọ yín,
Abísọ́lá


Rantya, Jọ́ọ̀sì
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejìlá, 1985

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ẹ kú ọdún Kérésì níbẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là.

O ní kí n wá ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ara mi ni mo rí. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ta ni mo tún fẹ́ bẹ̀ kó bá mi ka ínṣì?

Mo ní kí káfíńtà gé igi fún mi, mo fọwọ́ ara mi kùn ún ní funfun àti dúdú. Awakọ̀ tó gbé mi lọ sí Du bi mí bóyá ọ̀pá àsíá ni. Mo ń wá ibi tí mo máa gún un sí létí adágún nígbà tí ọkùnrin Bẹ̀rọ́ọ̀mù kan dé láti oko kábéèjì rẹ̀. Matthias lorúkọ rẹ̀. Hausa la jọ sọ.

"Sannu, Malama. Ṣé nǹkan yín ló jábọ́ sómi?"

"Rárá o. Ọmọ mi ló rán mi pé kí n wọn omi yìí."

"Ọmọ yín náà dà?"

"Ó wà nílùú òyìnbó."

"Haba! Ó wà nílùú òyìnbó, omi Du ló ń béèrè?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìgbà tó dìde, ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó gba igi lọ́wọ́ mi, ó wọ inú omi tútù yẹn, ó sì fi òkúta gbá a wọlẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún nìyẹn, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Ínṣì àádọ́ta ni mo kà. Lánàá mo padà lọ ní agogo mẹ́sàn-án. Ínṣì mẹ́tàdínláàádọ́ta! Ínṣì mẹ́ta ti lọ, Àbẹ̀kẹ́! Mo ti ń gba Du kọjá láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, mo sì mọ̀ pé omi ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n n kò rí i rí. Lánàá mo rí i. Mo pariwo pe Matthias kó wá wò ó.

Mo ti ra ìwé tí màá máa kọ ọ́ sí. Sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ pé ínṣì ni mo mọ̀, kó má wá fi sẹ̀ǹtímítà dà mí láàmú.

Ìyá rẹ,
Rhoda


Newcastle
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, 1986

Màmá mi, Màmá mi, Màmá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìnáwó ara! Mo ka lẹ́tà yín fún ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù. Ó ní kí n tún ibi tí Matthias ti bọ́ bàtà kà. Ó ní ínṣì náà dára, òun náà ínṣì ni wọ́n fi kọ́ òun.

Ó béèrè nǹkan kan sí i. Báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tí àwọn àgbẹ̀ fà àti èyí tí oòrùn fà? Tí adágún mìíràn bá wà nítòsí tí ẹnikẹ́ni kì í fa omi rẹ̀, ẹ bá mi gún igi síbẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì la ó fi wéra.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ inú omi o! Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni yín. Èmi ò rán yín lọ bá ẹja gbé.

Ibi méje tí mo kọ̀wé sí, mẹ́fà ti kọ̀ mí báyìí. Bristol nìkan ló kù.

Ọmọ yín tó ń fi yín yangàn káàkiri,
Abísọ́lá


Rantya, Jọ́ọ̀sì
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejì, 1986

Àbẹ̀kẹ́,

Mo kí ọ o. Igi kejì ti wà nínú adágún kan lẹ́yìn òkè, níbi tí kò sí oko. Ibẹ̀ kì í fà tó ínṣì kan ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Ìwọ ló máa mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ nǹkan ṣẹlẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù yìí, mo débi igi àkọ́kọ́, n kò bá a. Matthias kò lè wojú mi. Ó ní Lááwàlì ló fà á tu. Lááwàlì yìí ni ó ní ẹ̀rọ ìfami tó tóbi jù létí adágún náà, tòmátì ló ń gbìn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo tó rí i bá sọ̀rọ̀. Ó kó àgbẹ̀ bíi mẹ́wàá lẹ́yìn, inú ń bí i.

"Igi tó bá ti ní àmì lára, igi ìjọba ni. Lónìí igi, lọ́la katakata tó ń hú ilẹ̀. Wọ́n á ní ká kó kúrò."

Mo ní, "Èmi ni ìjọba náà? Ẹ wò mí dáadáa."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo bá yọ lẹ́tà rẹ jáde nínú báàgì, mo dúró lórí ebè, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa fún wọn láti òkè délẹ̀. Ìgbà tí mo débi tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti béèrè pé ta ló ti wọn omi náà, gbogbo wọn sún mọ́ mi. Lááwàlì wá béèrè pé, "Ọmọ yín á lè mọ ọjọ́ tí omi máa tán?"

"Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn."

"To, ó dáa," ó ní. "Lọ́dún tó kọjá, ó tán mọ́ mi lọ́wọ́, ìdajì oko mi kú. Kó tètè mọ̀ ọ́n." Ó lọ sábẹ́ àtíbàbà ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbé igi jáde, ó sì bá mi gún un padà.

Ṣùgbọ́n òǹkà ọ̀sẹ̀ méjì ti sọnù, igi náà kò sì dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró. Ó ní, "Màmá, ẹ wo ti ìṣáájú, ẹ wo ti ẹ̀yìn, ẹ fojú bu èyí tó wà láàárín. Ta ló máa mọ̀?" Mo jókòó ti ìwé náà, mo sì mú bírò. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó ku díẹ̀ kí n kọ ọ́. Mo rò ó pé ọjọ́ ìgbìmọ̀ ti sún mọ́lé, ojú ìwé tó ṣófo kò sì dára lójú. Ṣùgbọ́n mo gbé bírò dúdú sílẹ̀, mo mú pupa, mo kọ ọ́ pé: "Kò sí òǹkà. Wọ́n fa igi tu. A tún un gún, kò dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀."

Bí èyí bá bà á jẹ́ fún ọ, dárí jì mí.

Ìyá rẹ,
Rhoda


Rantya, Jọ́ọ̀sì
Ọjọ́ Àjíǹde, ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹta, 1986

Abísọ́lá,

Mo kí ọ kú ọdún Àjíǹde. Láti lẹ́tà oṣù kìíní, n kò gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Mo da ìwé òǹkà náà kọ sínú ìwé mìíràn, mo sì fi èyí àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ní oṣù yìí kan náà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pósí-ọ́fíìsì, o kò sọ pé o rí i. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wo àpótí. Akọ̀wé ibẹ̀ ti ń mi orí sí mi láti òkèèrè kí n tó dé.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ igi yẹn ló bí ọ nínú. Mo tún rò pé ara rẹ ni kò yá. Mo rò pé wọ́n ti mú ẹlòmíràn, ojú ń tì ọ́ láti sọ.

Ọ̀la ni ọjọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró dá yóò pé. Ó mú fọ́ọ̀mù wá sílé lọ́jọ́bọ̀. Mo ní kó dúró. Ó ní òun ti dúró láti oṣù kọkànlá. Mo buwọ́ lù ú lórúkọ rẹ, Abísọ́lá. N kò lè jẹ́ kí ibi méjèèjì bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Kọ̀wé sí mi, kódà bó jẹ́ èébú ni.

Ìyá rẹ


Newcastle
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, 1986

Màmá mi,

Ẹ kú ìdààmú ọkàn. Àárọ̀ yìí ni lẹ́tà yín dé. Mo kọ̀wé sí yín ní ìparí oṣù kejì! Ó padà wá bá mi ní àná: sítáǹbù tí mo lẹ̀ mọ́ ọn kò tó. Èmi ẹnjiníà, n kò lè ka sítáǹbù. Ẹ foríjì mí.

Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ ti buwọ́ lùwé lórúkọ mi! Mo jókòó sórí ibùsùn, mo sunkún, mo sì bínú sí yín, mo ń sọ ọ́ torí pé ẹ ní kí n kọ èébú. Ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ kọ òǹkà tí ẹ kò rí, báwo lẹ ṣe kọ orúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀?

Ìwé òǹkà náà ti dé. Mo gbé e lọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra mi. Ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ó débi tí ẹ fi bírò pupa kọ, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó kàn pa ìwé náà dé, ó sì tì í sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù.

Abísọ́lá


WÁYÀ LÁTI BRISTOL, 18 OṢÙ KẸRIN 1986
WỌ́N GBÀ MÍ. LẸ́TÀ Ń BỌ̀. OJÚ EWÉ PUPA NÁÀ LÓ ṢE É. ABÍSỌ́LÁ


Bristol
Ogúnjọ́, oṣù kẹrin, 1986

Màmá mi ọ̀wọ́n jùlọ,

Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà nígbà tí ìgbìmọ̀ ń jíròrò, ọ̀jọ̀gbọ́n ló padà sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Obìnrin kan àti igi kan. Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìdí ààrò ló jókòó sí tó ń kọ òǹkà?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ìwé yín sí ojú ewé pupa, ó gbé e fún un. Ó ní, "Ẹni tó ń hùmọ̀ òǹkà kì í fi àlàfo sílẹ̀. Mo ti rí òǹkà akẹ́kọ̀ọ́ ogójì tí kò ní àlàfo kankan, mi ò sì gba ìdajì wọn gbọ́." Ọkùnrin náà ka gbogbo ìwé yín tán, òun ló kọ́kọ́ nawọ́.

Màmá, ọdún mẹ́ta! Àti èyí tó dùn jù: Du ni iṣẹ́ náà wà. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, lọ́dọọdún, mo gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n á san owó ọkọ̀ òfuurufú. Rantya ni màá máa sùn.

Inú mi ti rọ̀ sí yín pátápátá. Ẹ wo bí ẹ ṣe máa bá Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró sọ ọ́.

Ọmọ yín,
Abísọ́lá


Rantya, Jọ́ọ̀sì
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún, 1986

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Oyèdélé,

Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Nígbà tí wáyà rẹ dé, mo rìn láti pósí-ọ́fíìsì délé, ìgbà tí mo délé ni mo rántí pé n kò wọ takisí.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró. Ó le ojú mọ́ mi. "Màmá, ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú." Mo ní, "Èmi ni, mo sì ṣàṣìṣe. Orúkọ tí kì í ṣe tèmi ni mo kọ." Mo bẹ̀ ẹ́ bí ọmọ ilé ìwé. Ó fa fọ́ọ̀mù náà ya, ó wá béèrè bóyá òun lè da òǹkà Du kọ, torí wọn kò ní irú rẹ̀ lọ́fíìsì. Mo ti jẹ́ kó dà á kọ.

Lánàá mo lọ sí Du láti sọ fún wọn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Matthias pe ìyàwó rẹ̀ jáde nílé pé kó wá gbọ́, ó ń fi ayọ̀ pariwo "Madalla! Madalla!" Lááwàlì ní kí n tẹ̀ lé òun. A rìn kọjá òkè, ó tó ìdajì wákàtí, a dé adágún kan tí n kò dé rí. Igi kan wà láàárín rẹ̀. Òun ló gé e. Kò mọ̀wé, kò sì ní ọ̀dà, ọ̀bẹ ló fi gé àmì sára rẹ̀, gígùn ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù kejì ló ti ń wọ̀n ọ́n ní gbogbo Sátidé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó yọ okùn kan nínú àpò rẹ̀, kókó mẹ́tàlá ló wà lára rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan, kókó kan. Ó ń sọ iye ìka tí omi fi fà lórí kókó kọ̀ọ̀kan láìṣàṣìṣe. Ìgbà tó dé ìkẹjọ, ó dúró. Ó ní, "Èyí, mi ò wá. Ọmọ mi ń ṣàìsàn. Ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀."

Àbẹ̀kẹ́, mo jókòó sórí òkúta nínú òjò wínníwínní, ó fi fìlà rẹ̀ bo ìwé òǹkà mi, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo wọn ìka rẹ̀ ní ínṣì, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sókè pé òun ló wọ̀n ọ́n. Ó ní kí n fi hàn án bí orúkọ òun ṣe rí. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní kí n bi ọ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ máa balẹ̀, torí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ mọ̀. Èmi náà fẹ́ mọ̀. Sọ ọjọ́ fún wa.

Ìyá rẹ,
Rhoda Oyèdélé